Oúnjẹ Ọdún Tí Mo Jẹ Nínú Ilé Yìnyín

Ìyá ìyá mi kì í fún mi lóúnjẹ. Bí ẹ bá mọ àwọn ìyá Rẹ́mọ, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni mo sọ yẹn. Ní Ìpara níbi tí wọ́n ń gbé, àjèjì tó kàn yà béèrè ọ̀nà á jẹun kó tó lọ. Èmi ọmọ ọmọ wọn ńkọ́? Wọ́n á gbé omi tútù fún mi, wọ́n á ní, "O kú ìrìn, ọmọ mi," ó parí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a fi wà lórí rẹ̀. Èmi ni mo sì fà á.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Oní-Sábáàtì ni wá nílé wa ní Ìkẹ́nnẹ́. Láti ìgbà tí màmá mi ti fẹ́ bàbá mi ni wọ́n ti fi òrìṣà odò tí ìyá wọn ń bọ sílẹ̀. Síbẹ̀, lọ́dọọdún tí ọdún odò bá dé, ìyá àgbà á fi ebìrìpò, kókò tí wọ́n pọ́n sínú ewé, àti ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Sátidé ni ọdún náà máa ń bọ́ sí. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìyá àgbà fúnra wọn ló gbé e wá. Mo kúnlẹ̀ gbà á, mo dúpẹ́, mo wá lọ dà á fún ewúrẹ́ lẹ́yìn ilé, inú mi ń dùn pé mo kọ oúnjẹ òrìṣà. Bí mo ṣe yíjú padà, ìyá àgbà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn. Wọ́n gba abọ́ wọn lọ́wọ́ mi, wọ́n lọ wọ takisí. Oúnjẹ ò sì wá mọ́.

Lóṣù kejì ọdún tó kọjá, yunifásítì tí mo ti ń kọ́ni rán mi lọ sí Jàpáànù fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti gbọ́ pé wọ́n máa ń ṣọdún nínú òtútù lọ́hùn-ún, mo ní n ò ní jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì kí n máa wo ògiri. Ẹ gbà mí, òtútù! Mo wọ súwẹ́tà mẹ́ta lábẹ́ kóòtù, síbẹ̀ eyín mi ń gbá ara wọn. Ọyẹ́ tiwa, àwàdà ni.

Ní ìlú ńlá tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n fi yìnyín gbẹ́ ilé tó ga tó ilé alájà mẹ́ta, pẹ̀lú àtẹ̀gùn àti fèrèsé. Ọkùnrin kan ń fi ọ̀bẹ tún etí ẹṣin yìnyín ṣe. Mo fi fóònù tó ń túmọ̀ èdè bi í pé kí ni wọ́n máa fi gbogbo rẹ̀ ṣe bí ọdún bá parí. Ó ní wọ́n máa wó o. Háà! Iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ń bá etí ẹṣin rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ bí mi nínú. Nígbà tí mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo rí i pé oúnjẹ ọdún náà kò yàtọ̀: wọ́n á se é, á tán, wọ́n á tún se òmíràn lẹ́ẹ̀mí-ìn.

Ìlú kékeré ni mo wọ rélùwéè lọ lẹ́yìn ìyẹn. Yìnyín ni wọ́n fi mọ ilé kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ títì, ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan péré. Àwọn ọmọdé jókòó lórí ẹní nínú wọn, iná èédú wà níwájú wọn. Oòrùn ti ń wọ̀. Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sí mi, ó ń pè mí bí ẹni pé èmi ni wọ́n ti ń retí láti àárọ̀. Mo bọ́ bàtà, mo bẹ̀rẹ̀ wọlé. Ó bu nǹkan gbígbóná funfun fún mi nínú ife, ó dà bí ògì tó dùn, hóró ìrẹsì wà nínú rẹ̀. Mo mu ún tán, mo tọrọ sí i, ojú ò tì mí.

Ìgbà tó bu ìkejì ni mo rí ibì kan tí wọ́n gbẹ́ sínú ògiri lẹ́yìn wọn, tí wọ́n to ọsàn àti àbẹ́là sí. Mo béèrè ohun tó jẹ́. Ìdáhùn tó jáde nínú fóònù ni pé òrìṣà omi ni, òun ni wọ́n ń ṣọdún fún.

Yéè! Ife ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. N ò forí balẹ̀, Ọlọ́run tí mò ń sìn náà ni mò ń sìn. Àmọ́ n ò lè da ife yẹn nù lójú ọmọ náà. Mo mu ún, mo dúpẹ́, mo jáde, ẹkún sì gbà mí. Mo fi ojú rere wo ọmọ tí n ò mọ orúkọ rẹ̀, n ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyá tó bí ìyá mi. Ilé là á ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi òde ni mo lọ kó ti ilé wá. Mo bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí n bá ìyá àgbà láyé, kí n jẹun nílé wọn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọjọ́ Àìkú tí mo dé ni mo forí lé Ìpara. Ìyá àgbà gbé omi wá. Mo kúnlẹ̀, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn.

"Ilé yìnyín, wọ́n tún ń dáná nínú rẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àwọn yẹn láyà o."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dárí jì mí. Mo jẹ oúnjẹ òrìṣà lọ́hùn-ún. Ẹ fún mi ní tiyín náà kí n jẹ."

Ẹ̀rín kúrò lójú wọn.

"Oúnjẹ òrìṣà wo? Ìgbà wo ni mo gbé oúnjẹ òrìṣà wá fún yín? Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń se tiyín, kí oòrùn tó wọ̀, nítorí Sábáàtì yín. Ìkòkò rẹ̀ lọ́tọ̀. Bàbá rẹ ní ìjọ yín kì í jẹ edé, n kì í fi edé sí i. Ọjọ́ kejì ni mo tó ń dáná ọdún." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Nígbà tó o dà á nù, mo ní bóyá ọwọ́ mi lo kórìíra."

Wọ́n di ògiri mú, wọ́n dìde, wọ́n ń lọ sí ìdí ààrò. Wọ́n ní edé wà nínú ọbẹ̀ tó wà nílẹ̀, àwọn máa se tèmi lọ́tọ̀. Mo ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu, màá jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Rárá o," wọ́n ní. "N ò bá Ọlọ́run rẹ jà rí, n ò ní bẹ̀rẹ̀ lónìí."