Téèpù Màmá àti Orí Mi Tó Kéré

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ṣakí, díẹ̀ ló kù kí n má lọ sí ilé-ìwé girama torí pé orí mi kéré. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, àwọn ọ̀mọ̀wé ló kọ ọ́ sínú ìwé.

Èmi àti Ràfíù ẹ̀gbọ́n mi la jọ jáde ìwé mẹ́fà. Bàbá wa, àgbẹ̀ oníṣu, ní agbára àwọn ò gbé ọmọ méjì. Màmá wa tó ń ránṣọ ní kí wọ́n mú èmi, torí èmi ni mò ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá Ràfíù, tí òun á jókòó tì mí, tí á máa jẹ wàrà díndín.

Ni tíṣà wa bá dé pẹ̀lú ìwé kan lábẹ́ abíyá. Wọ́n ní àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ kọ́ nípa ọpọlọ ẹ̀dá ti wọn orí tọkùnrin tobìnrin, ti obìnrin ló kéré. Wọ́n tún ní bí ọmọbìnrin bá ń ronú jù, á ṣàkóbá fún ilé ọmọ rẹ̀. Mò ń pọnmi, mò ń gúnyán, mò ń ru igi bọ̀ láti oko. Ìyẹn ò ṣàkóbá fún nǹkan kan!

Bàbá ní kí tíṣà fi téèpù Màmá wọn orí wa. Ti Ràfíù ju tèmi lọ. Ni mo bá bú sẹ́kún. Ràfíù ń fọwọ́ pa orí ẹ̀ bí ẹni tó rà á lọ́jà.

Màmá ní, "Bàbá Ràfíù, ẹ bá wa sọ fún Fúlàní tó wà ní kárà kó wá forúkọ màlúù ẹ̀ sílẹ̀ ní girama. Ṣé ẹ rí bí orí ìyẹn ṣe tóbi tó?" Wọ́n tú gèlè, wọ́n na téèpù sí tíṣà. "Ẹ wọn tèmi, kẹ́ ẹ wọn tiyín."

Ti Màmá ju ti tíṣà lọ. Tíṣà tún un wọ̀n. Wọ́n wá ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni, pé ìwé náà ní kì í ṣe títóbi orí nìkan ni wọ́n ń wò. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ta kẹ̀kẹ́ wọn, àwa méjèèjì lọ sílé-ìwé, Bàbá ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko.

Lónìí, èmi ni mò ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn. Ayé ti lajú, kò sẹ́ni tó ń wọn orí ẹnikẹ́ni mọ́. A fi wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí a ṣe rẹ́rìn-ín tán, ọmọkùnrin kan nawọ́.

"Ẹ má bínú, mà. Mo kà á lórí fóònù pé ọpọlọ obìnrin ò gba iṣẹ́ kọ̀ǹpútà."

Mo ṣí báàgì mi, mo mú téèpù Màmá jáde.

"Ọmọ mi, gbé orí ẹ wá."