Agolo Tí Ẹ̀rọ Fàyàwọ́ Dún Lé Lórí

Kí ẹ̀rọ yẹn tó dé, irin ṣóńṣó ni ọkọ mi fi ń gún àpò gààrí kiri. Ọlọ́pàá ni, ibi tí wọ́n ti ń dá mọ́tò dúró lẹ́yìn Gwagwalada, lójú ọ̀nà Kwali, ni wọ́n fi í sí. Àwọn onífàyàwọ́ a máa ri aago ọwọ́ àti ọta ìbọn mọ́ inú gààrí, ọkọ mi a sì máa gún un títí apá á fi máa ro ó. Lọ́pọ̀ ìgbà, gààrí tó dà sílẹ̀ nìkan ló ń rí, àti èpè àwọn obìnrin tó ni ín.

Ìgbà tó yá, ìjọba àpapọ̀ fi owó sílẹ̀, wọ́n ra ẹ̀rọ fún wọn. Ọ̀pá dúdú kan ni, kò gùn ju apá ọmọdé lọ. Bí wọ́n bá mú un sún mọ́ irin, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọmọ ewúrẹ́ tó ń wá ìyá rẹ̀. Ọkọ mi ni wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó mú un wálé, ó fi kan gbogbo ìkòkò mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ìkòkò ń dún, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́, orí mi wú. Mo gbé ìròyìn náà dé ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, mo sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́.

Ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ yẹn ló kú. Ìlú kan náà ni òun àti ọkọ mi ti wá, ní apá Kàbà. Ilé rẹ̀ la kọ́kọ́ dé sí ká tó rí yàrá tiwa, ẹ̀gbọ́n sì ni ọkọ mi ń pè é. Kò sí bí a ṣe lè gbé òkú rẹ̀ délé, la bá sin ín sí Gwagwalada. Ṣùgbọ́n àwa kì í fi èèyàn wa sílẹ̀ sí àjò pátápátá. Ká tó sin ín, wọ́n gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n kó wọn sínú agolo mílíìkì, wọ́n fi aṣọ funfun dì í. Ìyàwó rẹ̀ ni yóò gbé e lọ fún olórí ẹbí, tí wọn yóò sì sin ín bí ẹni sin òkú gan-an. A kì í ṣí i lọ́nà, a kì í sì í jẹ́ kó kan ilẹ̀. Bó bá kan ilẹ̀, wọ́n gbà pé ibẹ̀ ni olóògbé dúró sí, kò délé mọ́.

Ẹgbẹ́ ní kí èmi tẹ̀ lé opó náà. Wọ́n ní ìyàwó ọlọ́pàá ni mí, ọ̀nà á rọrùn fún wa.

Ọjọ́ tí à ń lọ yẹn gan-an ni àwọn ọ̀gá kan wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, wọ́n fẹ́ wo ohun tí owó wọn rà. Nígbà tí mọ́tò wa dé ibẹ̀, ọkọ mi dúró níwájú wọn gbọnrangandan pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo wa bọ́ sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ ṣe dé àyà opó náà, níbi tó gbé agolo mọ́, ó ké.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín sí i, torí ó mọ̀ ọ́n. Ó rọra sọ pé, “Ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n yín ni mo gbé dání. Irun wọn àti èékánná wọn ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣí i.”

Ọkọ mi mọ̀. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gé irun náà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ń bèèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ló wà níbẹ̀, mo sì rí i lójú ọkọ mi pé ojú ń tì í láti dáhùn. Kò fẹ́ kí wọ́n pè wá ní ará oko.

Ó ní, “Madam, open am.”

Obìnrin tó ń se oúnjẹ fún un nígbà tí a ò tíì ní ìkòkò ló ń pè ní madam. Mo pè é lórúkọ ọmọ wa àkọ́bí, ó ṣe bí ẹni tí kò rí mi. Obìnrin náà kò ṣí agolo, ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ gé aṣọ náà, ó sì ṣí ìdérí. Ọ̀gá yọjú wò ó. “Kai,” ló wí, ó sún sẹ́yìn, ó ń nu ọwọ́ tí kò fi kan nǹkan kan. Tírélà kan kọjá lákòókò yẹn, atẹ́gùn rẹ̀ sì gbọn irun náà dà sórí títì.

Opó náà kúnlẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀. A ń ṣa á nínú iyanrìn, a ò sì mọ èyí tó jẹ́ irun òkú àti èyí tó jẹ́ òwú àpò gààrí. Bàtà ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ wa, èmi ni mo fi pọlíìṣì nù ún láàárọ̀, ó ń dán. Ọkọ mi ò bẹ̀rẹ̀ bá wa ṣa á. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ kí mọ́tò náà gbéra láìsí èmi nínú rẹ̀.

Nínú mọ́tò, opó náà fi ìborùn rẹ̀ di agolo náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, mo ní, “Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́.” Ó bi mí bóyá mo jẹun kí n tó kúrò nílé. Ó gbé agolo náà mọ́ àyà títí a fi kọjá Lọ́kọ́ja.

Nílé, àwọn àgbà ti gbẹ́ kòtò sílẹ̀. Olórí ẹbí gba agolo, ó wo ìborùn tí wọ́n fi dì í, ó sì bi obìnrin náà bóyá wọ́n ṣí i, bóyá ó kan ilẹ̀. Mo ń wo ilẹ̀. Bó bá sọ òótọ́, ọkọ mi ò lè wọ ìlú yẹn mọ́ láéláé.

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Rárá o, bàbá. Aṣọ funfun ló ya, ni mo ṣe fi ìborùn dì í. Ọmọ yín tó ń ṣe ọlọ́pàá ló wà lójú ọ̀nà, òun ló mú wa kọjá wẹ́rẹ́.”

Inú bàbá dùn. Kó tó gbé agolo sínú kòtò, ó kọ́kọ́ gbàdúrà fún ọkọ mi, pé bó ṣe bu ọlá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe bu ọlá fún òun náà. Gbogbo agbo ilé ṣe àmín. Wọ́n ń wo ẹnu mi títí èmi náà fi ṣe é.