Ẹ̀gbà Bàbà Tí Mo Fọ̀ Mọ́

Nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sí ẹni tó mọ bátìrì bí èmi ní gbogbo Ìjerò. N kò kàwé kọjá kíláàsì kẹta, ṣùgbọ́n àwọn tíṣà ló ń gbé bátìrì mọ́tò wọn wá bá mi.

Ọ̀kan nínú wọn ló sọ fún mi pé iná bátìrì lè yọ ìdọ̀tí inú bàbà. Ó ní kí n po oògùn kòkó aláwọ̀ aró mọ́ omi, kí n so bàbà tó dọ̀tí mọ́ pósítífù, kí n so abala bàbà mìíràn tó mọ́ mọ́ nẹ́gétífù, kí n rì wọ́n sínú rẹ̀. Ó fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Mo ní, "Ó tó, tíṣà. Ó ti yé mi."

Ìyàwó mi, ọmọ Ìkòrò, ní ẹ̀gbà bàbà kan tí ìyá rẹ̀ bọ́ fún un kó tó kú. Ọkọ́ ti ṣá a lójú kan. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ló fi ń fọ̀ ọ́.

"Gbé e wá," mo ní. "Ọsàn wẹ́wẹ́ ò lè dé inú."

"Bàbá ìbejì, ẹ má bà á jẹ́ o. Òun nìkan ni yèyé mi fi sílẹ̀ fún mi."

"Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Mo so ó mọ́ pósítífù, mo rì í sínú ike omi oògùn náà. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbà náà ti tín-ín-rín. Mo ní ìdọ̀tí inú rẹ̀ ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, mo tún pààrọ̀ bátìrì. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó já níbi tí ọkọ́ ti ṣá a. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ kan, ó ti tán. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú wà nísàlẹ̀ ike. Bàbà tó mọ́ ti lẹ̀ mọ́ abala kejì, ó pọ́n ròrò. Mo gbé e fún un tayọ̀tayọ̀.

"Ẹ̀gbà yèyé mi dà?"

"Òun lò ń wò yẹn. Kò sí ìdọ̀tí nínú rẹ̀ mọ́."

"Ibi tí ọkọ́ ṣá ńkọ́?"

Mo ní màá gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ l'Ẹ̀fọ̀n, kó fi rọ ẹ̀gbà tuntun. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu. Kò bá mi jà. Ìbá sàn kó bá mi jà.

Ẹ̀gbà náà ti fi àmì aláwọ̀ ewé yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ká. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ń wẹ̀, kì í jẹ́ kí kànrìnkàn kan ibẹ̀. Síbẹ̀, àmì náà ń ṣá díẹ̀díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó na ọwọ́ náà sí mi. Mo wò ó títí, n kò rí àmì kankan níbẹ̀ mọ́.