Awò Ìwọ̀n tí Mo Rà fún Ọkọ Mi

Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọkọ mi ń ṣe nígbà tí a padà sí Onitsha lẹ́yìn ogun. Èmi ń ránṣọ ní ìsàlẹ̀ ilé tí a háyà ní àdúgbò Odoakpu, òun ń kan òrùlé kiri ìlú. Òrùlé pọ̀ láti kàn nígbà náà. Ọta ti dá ọ̀pọ̀ ilé lu bí asẹ́, owó epo sì ti ń wọlé, gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ ló fẹ́ kí ilé òun tètè dìde. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, níbi tó ti ń kan páànù, ìṣó kan ta lábẹ́ òòlù, ó sì wọ ọ́ lójú òsì.

Àwọn dókítà sa ipá wọn. Ẹni tó bá wo ojú náà lóde kò lè mọ̀ pé kò ríran mọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa ní ọsibítù ni pé ojú kan kì í mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó dáadáa. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo gbé omi fún un, ó nawọ́ gbà á, ọwọ́ rẹ̀ sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ife yìí ń sá fún mi." Láti ọjọ́ náà, n ó kọ́kọ́ fi ife kan ọwọ́ rẹ̀ kí n tó fi sílẹ̀, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni mo ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ igi padà bọ̀ sípò, nítorí ọwọ́ rẹ̀ mọ igi. Ọdẹ ni kò bọ̀ sípò. Gbogbo Sátidé ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan máa ń wọ igbó tó wà lẹ́yìn Obosi, ìlú kan nítòsí Onitsha. Ọmọ Obosi ni ọ̀rẹ́ náà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì dàgbà ju ọkọ mi lọ dáadáa. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Sátidé kẹta tí ọkọ mi padà sígbó, ó yìnbọn fún ẹtu kan tó rò pé ó wà nítòsí. Kò sí nítòsí. Ọta bà á, kò pa á. Wọ́n tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lórí ewé títí dé etí omi, wọn kò rí i mọ́.

Nígbà tó délé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Ó ń jẹ̀rora níbì kan báyìí," ni ó wí. "Ọdẹ tí kò mọ ibi tí ẹran dúró sí, ìkà ló ń ṣe."

Ó fi aṣọ wé ìbọn náà, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Èmi kò fẹ́ràn ọdẹ rí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọkùnrin tó máa ń ti Obosi dé lọ́jọ́ Sátidé, tí koríko ń bẹ lára sòkòtò rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀. Ọkùnrin náà kò wálé mọ́.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, mo gbé kọ́tìnnì lọ sí GRA, fún ìdílé kan tó wá láti ìlú wa ní ilẹ̀ Yorùbá. Awọnlẹ̀ ni bàálé ilé náà. Mo bá a lágbàlá pẹ̀lú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń wọnlẹ̀, ó ń nù ún.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà," mo ní, "ṣé ẹni tó ní ojú kan lè lo irú èyí?"

"Ojú kan náà la fi ń lò ó, ìyá. Ta ló fẹ́ lò ó?"

Mo ṣàlàyé fún un. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní eléyìí wúwo jù fún ọdẹ, pé awò kékeré kan wà tí àwọn ọdẹ òkè òkun ń lò. Bí ènìyàn bá fi ojú kan wò ó, yóò rí ẹran kan ṣoṣo bíi méjì. Yóò máa yí kiní roboto kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí méjèèjì yóò fi di ọ̀kan. Nọ́ńbà tó bá dúró lé ni iye ọ̀pá tó wà láàárín òun àti ẹran.

Ọ̀pá! Ohun tí èmi fi ń wọn aṣọ lójoojúmọ́.

Nínú ọjà ńlá, mo rí ọkùnrin kan tó ń ta aago ògiri, kámẹ́rà àti awò. Awò olójú méjì ló kọ́kọ́ gbé síwájú mi, èyí tí àpò awọ rẹ̀ ń dán. "Madam, this one fine pass. E go bring bush come your front." Mo gbé e sójú. Obìnrin tó ń din àkàrà ní ìkángun òpópónà wá súnmọ́ mi bí ẹni pé kí n mú àkàrà kan. Mo béèrè bí obìnrin náà ṣe jìnnà tó, olówò ní, "E near!" Irọ́ tí ojú ọkọ mi ń pa fún un náà nìyẹn. Mo dá awò náà padà.

Ó wá gbé irú èyí tí mò ń wá jáde. Oríṣi méjì ni. Èyí tó tóbi ń kà láti àádọ́ta ọ̀pá títí dé ẹgbẹ̀rún, òun sì ni olówò fẹ́ kí n rà. Ṣùgbọ́n ìbọn ọkọ mi kì í pa ẹran kọjá ogójì ọ̀pá. Níbi tí ìbọn rẹ̀ parí sí ni awò yẹn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ní kó fún mi ní kékeré, dúdú bí èédú, tí kò lẹ́wà rárá. Méjì péré ló kù.

Mo yọ okùn tí mo ti fi téèpù wọ̀n nílé, tí mo ta kókó sí ní ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí obìnrin tó ń ta edé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá mi di etí rẹ̀ kan mú. Ó béèrè lédè Igbo pé kí ni mò ń wọ̀n.

"Anya di m," ni mo dá a lóhùn. Ojú ọkọ mi ni.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí n tó sọ̀rọ̀ ìṣó náà fún un. Ó ní, "Ndo," pé kí n pẹ̀lẹ́, ó sì di okùn náà mú gírígírí bí àwọn èrò ṣe ń kọjá lórí rẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ dé òpó iná, ọ̀pá mẹ́rìndínlógójì ni. Awò àkọ́kọ́ pè é ní mọ́kànlélógójì. Èkejì pè é ní mẹ́rìndínlógójì gééré. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, kò yí ohùn padà. Òun ni mo rà.

Nígbà tí mo gbé e fún ọkọ mi, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Ṣé ojú mi ti di aṣọ tí o ń fi téèpù wọ̀n ni?"

"Ẹ má bínú," ni mo wí. Mo padà sídìí máṣíìnì mi, mo rán apá aṣọ kan sódì, mo sì ní láti tú u.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni awò náà fi wà lórí tábìlì. Tíṣà ló wá bá a níbẹ̀ nígbà tó wá kí wa. "Nwunye anyị," ló máa ń pè mí, ìyàwó wa. Èmi náà a sì máa pè é ní bàbá. Ó gbé awò náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì pe ọkọ mi sójú fèrèsé.

"Igi máńgòrò ọ̀hún, ọ̀pá mélòó ni?"

"Ogún," ni ọkọ mi wí, tìjà-tìjà.

"Èmi ní ọgbọ̀n." Ó fi awò wò ó, ó yí i, ó tún yí i. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Méjìdínlógójì! Ojú mi pé méjì, mo ṣì í síbẹ̀. Mélòó nínú ẹran tí mo ti ṣe léṣe nìyí, tí mo sọ pé ìbọn ló bàjẹ́?"

Ọkọ mi gba awò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọjú sí igi náà. Ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò lójú.

Ní Sátidé, ó ti Obosi dé lọ́wọ́ òfo, ó sì jẹun. Ó ní àwọn rí ẹtu kan, òun yí awò náà títí méjì fi di ọ̀kan, ó jẹ́ ọ̀pá méjìlélọ́gọ́ta. "Mo gbé ìbọn sílẹ̀. Mo wò ó títí ó fi jẹ ewé tán, ó sì bá tiẹ̀ lọ." Ó tún ìtàn náà sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀wà wà lẹ́nu rẹ̀, n kò dá a dúró.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó pa ọ̀kan ní ọ̀pá méjìdínlọ́gbọ̀n, ọta kan ṣoṣo, ẹran náà kò sì rìn kọjá ibẹ̀. Wọ́n pín in ní ilé tíṣà. Ìyàwó tíṣà fi itan kan se ọbẹ̀ ewúro, ó ní kí n má tíì lọ, kí n jókòó ti òun. Àwọn ọkùnrin méjèèjì wà níta, wọ́n ń jiyàn lórí bí ògiri ọgbà ọ̀hún ṣe jìnnà tó.