Màlúù Kúkúrú Ìdí Máńgòrò

Ẹni tó bá ti sin ewúrẹ́ rí á máa rò pé òun mọ ẹran sìn. Bí èmi náà ṣe rò nìyẹn. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí ara mi ò gbà kí n kàn jókòó sílé ní Ìkirè kí n máa wo ọkọ̀ tó ń kọjá, mo lọ ra abo màlúù kan lọ́wọ́ bàbá àgbẹ̀ kan ní Orílẹ̀-Òwu. Kì í ṣe màlúù gíga oníké tí àwọn Fúlàní ń dà kọjá o. Irú tiwa ni, ẹ̀yà kúkúrú tí kò níké lẹ́yìn, ó dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kúkúrú bíi ti àpótí ìdáná. Bàbá náà ní kò ní wàhálà rárá, pé eṣinṣin inú igbó tó ń pa màlúù Fúlàní ò lè rí i gbé ṣe, pé koríko ẹ̀yìnkùlé nìkan á tó o jẹ.

"Ìgbà wo ló máa wá dàgbà, bàbá?" ni mo bi wọ́n.

Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu. "Ó ti dàgbà, tíṣà. Bó ṣe máa ń mọ nìyẹn."

Ibẹ̀ ni ìdààmú mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo gé koríko tútù fún un, ó kẹ̀yìn sí i. Mo bu omi fún un, ó fi imú dà á nù. Nígbà tó yá, ó jẹ kànrìnkànrìn tí mo fi ń wẹ̀, ó sì tún wò mí bí ẹni pé èmi ni mo jẹ̀bi. Mi ò mọ̀ bóyá ebi ló ń pa á, bóyá àìsàn ló ń ṣe é, tàbí orí kunkun lásán ni. Ewúrẹ́ kì í ṣe báyìí. Bí ebi bá ń pa ewúrẹ́, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́.

Ṣùgbọ́n kékeré ni ti màlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá mi. Wọ́n ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan nínú ilé wọn ní Àpòmù, níbi tí wọ́n ń dá gbé, ó sì pẹ́ kí aládùúgbò tó rí wọn. Ìyẹn ni mo fi bẹ̀ wọ́n títí tí wọ́n fi tẹ̀lé mi wá sí Ìkirè. Wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ wò ó ná. Bí kò bá bá àwọn lára mu, àwọn á padà sílé àwọn. Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju pé kí wọ́n dúró tì mí lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọ́n bá tún ṣubú ní Àpòmù, ó lè má sẹ́ni tó máa rí wọn.

Wọ́n sì ń gbádùn ilé mi o. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bá mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, wọ́n ń jókòó sójú fèrèsé bú ìwérí àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àfi ìgbà tí màlúù dé. Mo so ó mọ́ ìdí máńgòrò iwájú ilé, torí pé ọgbà ẹ̀yìnkùlé ò tíì nílẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni mo pe akunlé kó wá kun iwájú ilé, torí òjò ti bó ọ̀dà ara rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìyá mi ti dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ dé, wọ́n á fọwọ́ kàn án, wọ́n á ní àwọn ti yó. Wọ́n á wá jókòó, wọ́n á máa wo màlúù. Màlúù náà á máa wò wọ́n. Èmi á dúró láàárín, mi ò ní mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀ pé kó jẹun. Inú bí mi, ó sì tún dùn mí. Kí ni mo ṣe?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, yà wá kí wa. Ó wo ọ̀dà tuntun, ó wo ìdí máńgòrò, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Tíṣà, ẹ kú ìmúra o. Olúwa á jẹ́ ẹ ṣe é láṣeyọrí."

Mo rò pé ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ló ń wí. Mo fi gbogbo ẹnu dáhùn pé, "Àmín o! Ó ti kù díẹ̀ báyìí."

Ó mí kanlẹ̀, ó wo ọ̀nà yàrá ìyá mi. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ó ṣáà dáa kéèyàn tètè múra."

Nígbà tó lọ tán, mo dúró, mò ń rò ó. Ìkórè wo ni wọ́n ń mí kanlẹ̀ sí báyìí?

Ilẹ̀ mọ́, mo bá ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò wọn, ìborùn ti wà lórí wọn.

"Àpòmù ni mò ń lọ."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ọmọ dáadáa ni ọ́. Ṣùgbọ́n n ò lè máa bá màlúù òkú ara mi gbélé."

"Màlúù kí ni?"

"Ṣé ojú mi fọ́ ni? O kunlé. O so màlúù mọ́wájú ilé. Lánàá, mo fi etí ara mi gbọ́ ọ tó o ní ó ti kù díẹ̀. Kí ló kù díẹ̀?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwa níbí, ta ló ń so màlúù mọ́wájú ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ ṣòkú àgbà? Èmi tí mo ti jẹ ẹran irú màlúù bẹ́ẹ̀ láti Wásinmi dé Àpòmù, kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún sì ń gbọ̀n mí.

Mo búra pé mo rà á sìn ni, pé abo ni, pé mo fẹ́ kó máa bímọ. Wọn ò gbà. Mo fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sídìí máńgòrò, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ wọn lé ikùn ẹran náà pé kí wọ́n wò ó, abo ni. Ẹran náà ò mira. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ta wọ́n lọ́wọ́ látinú wá. Ìyá mi yọ ọwọ́, wọ́n tún gbé e padà.

"O ò sọ fún mi pé ó lóyún."

Èmi náà ò mọ̀. Mo ti rò pé bí ikùn tiwọn ṣe máa ń rí nìyẹn.

"Ta ló ń fi aboyún ẹran ṣòkú?" ni wọ́n wí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣí ìborùn, wọ́n ní ṣé wọn kì í jẹun nínú ilé yìí ni.

Mo sáré tẹ ẹ̀bà. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé iyọ̀ ọbẹ̀. Wọ́n ti jẹun dé àárín kí wọ́n tó dáwọ́ dúró, tí wọ́n tejú mọ́ mi.

"Ṣé pé bí mo bá wá kú, o ò ní pa nǹkan kan fún mi nìyẹn?"

Bí mo bá ní màá pa, wọ́n á tún gbé àpò. Bí mo bá ní mi ò ní pa, irú ọmọ wo ni mo jẹ́?

"Èyí tó wà nínú yẹn, bó bá jẹ́ akọ, tèmi ni. Ọjọ́ tó bá ga tó màlúù Fúlàní, ọjọ́ náà ni kó o pa á fún mi."

"Màmá, irú èyí kì í ga tó bẹ́ẹ̀ láéláé."

Wọ́n bu òkèlè, wọ́n rọra fi run ọbẹ̀.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Lọ mú iyọ̀ wá."