Léètì Orí Ibojì Bàbá Àgbà

Ọ̀pá irin náà padà wá lẹ́ẹ̀kẹta ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, lẹ́yìn òjò tó rọ̀ títí tí omi fi dúró ní ojúlé wa. Ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata ní ọjà Sandgrouse ló gbé e wá. Ó fi àpò sìmẹ́ńtì wé e bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ bàbá mi.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ yín tún ti sá wálé."

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. "Kí ló ṣe é?"

"Ohun tó ṣe é níjọ́sí náà ni. Bíárìn ń yọ̀ lórí ẹ̀, ó ń gbóná, ó ń pariwo. Àwọn oníbàárà mi ní ṣé ata ni mò ń lọ̀ àbí òkúta."

"Ṣé ìwọ fúnra ẹ lo gbé bíárìn yẹn sí i?"

"Èmi ni, Bàbá. Èmi náà ni mo ń gbé e sí i látọdúnmọ́dún, kò sì pariwo." Ó wò mí. "Ọmọbìnrin yín ń wò mí bí ọlọ́pàá." Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi o. Wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́jà pé ọwọ́ yín ti ń rẹ̀. Mo ní rárá, mo ní ọwọ́ Bàbá kì í tàsé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ mí di òpùrọ́."

Bàbá mi gba irin náà, wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ Sátidé.

Iṣẹ́ tọ́nà ni bàbá mi ń ṣe. Léètì ni ẹ̀rọ wọn, ẹ̀rọ ńlá tó máa ń yí irin kí ọ̀bẹ rẹ̀ lè máa fá a títí tí yóò fi gba ìwọ̀n. Òun ni wọ́n fi ń gbẹ́ ọ̀pá inú ẹ̀rọ ata àti ti ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Bíárìn, òrùka irin tí ọ̀pá ń gbé inú rẹ̀ yí, gbọ́dọ̀ fún mọ́ ọ̀pá náà pinpin. Bí ọ̀pá bá fi ìwọ̀n irun orí kéré, bíárìn á máa yọ̀ lórí rẹ̀, á sì jẹ ẹ́ run.

Kì í ṣe alọta yìí nìkan. Ẹnì kan láti Lafiaji, tí bàbá mi ti ń bá ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí mi, ti gbé ẹ̀ńjìnnì tirẹ̀ lọ sí Mushin láìsọ fún wa. Ìyá mi ti kú. Bàbá mi kò mọ iṣẹ́ mìíràn, wọn kò sì fẹ́ ṣe òmíràn. Bí ọwọ́ wọn bá ti tán lóòótọ́, n kò mọ ohun tí wọ́n máa jí ṣe láàárọ̀.

Èmi ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì. Mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo sì ń dúró de iṣẹ́ tí kò tíì dé. Bàbá mi máa ń pè mí ní Injíníà, ìdajì rẹ̀ ìwúrí, ìdajì rẹ̀ ẹ̀fẹ̀.

Ilé ẹbí ni ilé wa, lẹ́yìn Ẹnu Ọ̀wá. Yàrá tí wọ́n fi ṣe ilé iṣẹ́ ni yàrá tí wọ́n sin Bàbá Àgbà sí, ìyẹn bàbá tó bí bàbá mi. Nígbà náà, àwọn ará ilé wa ṣì máa ń sin òkú wọn sínú ilé. Lẹ́yìn ìsìnkú, kò sẹ́ni tó fẹ́ sùn níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí bàbá mi wá ra léètì náà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, tí wọ́n ń kógbá sílé, yàrá yẹn nìkan ló ṣófo, sìmẹ́ńtì orí ibojì ló sì nípọn jù nínú gbogbo ilẹ̀ ilé. Ọkùnrin mẹ́jọ ló fi igi rọ́bọ́tọ́ yí ẹ̀rọ náà wọlé. Wọ́n gbé e lé orí ibojì, wọ́n fi bóòtù dè é mọ́lẹ̀. Bàbá mi kò rí i bí ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n ní Bàbá Àgbà kò fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ rí.

Láràárọ̀, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi orí ìka kan ilẹ̀. "Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ẹ jẹ́ kó gún o."

N kì í tètè gba ọ̀rọ̀ gbọ́ bí n kò bá tíì rí ohun tó gbé e dúró. Pé ọwọ́ bàbá mi ti ń rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Mo rò ó pé nǹkan mẹ́ta ló lè ba ọ̀pá jẹ́: irin tí kò dára, ẹ̀rọ tó wọ́, tàbí ọwọ́ tí kò dá ṣáká mọ́. Irin tí à ń rà kò yí padà, ẹni tí à ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò yí padà. Ó ku méjì. Mo mọ èyí tí mo fẹ́ kó jẹ́. Ó yẹ kí ìyẹn gan-an ti fu mí lára.

Mo fi kálípà mi, ohun èlò ẹlẹ́nu méjì onínọ́ńbà tí a fi ń wọn ìnípọn irin, wọn ọ̀pá náà láti orí dé ìdí. Orí kan tóbi ju èkejì lọ. Díẹ̀ ni, àmọ́ ó dájú. Irú àléébù bẹ́ẹ̀ kì í ti ọwọ́ èèyàn wá, ẹ̀rọ tó wọ́ ló ń fà á. Mo yá lẹ́fẹ́lì lọ́wọ́ bíríkìlà àdúgbò, mo gbé e sórí léètì, omi inú rẹ̀ kò sì dúró láàárín. Mo kúnlẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ẹ̀rọ. Sìmẹ́ńtì ti sán láti igun kan dé ìkejì, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kan sì ti rì. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ nígbà kan kì í le bí èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn, òjò ọdún yìí sì ti ráyè wọ abẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ilẹ̀ ló rì. Ẹ̀rọ ti wọ́."

Bàbá mi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n wo ojú ibi tó sán náà títí. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè, mo rí ohun tí n kò rí lójú wọn láti ìgbà tí ìyá mi ti kú.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ohun tí mo rí nìyẹn."

"Mo mọ̀! Mo ti mọ̀ pé kì í ṣe èmi."

Wọ́n jáde. Wọ́n sọ ọ́ fún obìnrin tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé. Wọ́n sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Ilẹ̀ ni, kì í ṣe ọwọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a gòkè lọ bá Àlàájà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí wọ́n jẹ́ àgbà ilé. Àlàájà ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. Bàbá mi ṣàlàyé pé àwọn fẹ́ fọ́ sìmẹ́ńtì yàrá ìsàlẹ̀, kí àwọn gbẹ́ ibẹ̀ jìn, kí àwọn da kọnkéré tuntun sí i.

Ọwọ́ Àlàájà dúró nínú ẹ̀wà. "O fẹ́ gbẹ́ kí ni?"

"Ilẹ̀ ni, Àlàájà. Bàbá ti rì."

"Bàbá ti rì. Nígbà tí o gbé irin tó tó erin lé bàbá ẹ láyà, kí lo rò pé ó máa ṣe? Kó léfòó?"

"Àlàájà, iṣẹ́ mi ló ń bàjẹ́."

"Òkú ló wá ba iṣẹ́ ẹ jẹ́? Torí kò lè fèsì? Bàbá ò di léètì mú rí láyé ẹ̀."

Mo dá sí i. "Àlàájà, ẹ má bínú, a wọ̀n ọ́n. Ilẹ̀ rì lóòótọ́."

Àlàájà yíjú sí mi. "Ẹ kú wíwọ̀n. Ṣé o wọn ọwọ́ bàbá ẹ náà?"

Mo rò pé ìbínú ló ń sọ̀rọ̀.

"Ẹnikẹ́ni ò ní fọ́ ibojì nínú ilé yìí lójú mi," ni Àlàájà sọ. "Tí ẹ bá lè gbé irin yín sókè, ẹ gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́ ilẹ̀." Wọ́n sì padà sídìí ẹ̀wà wọn.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi gbé e. Bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dípẹtà. Ọ̀kan ṣẹ́ nígbà tí a ń tú u. Bàbá mi ń yí jáàkì, èmi ń wo lẹ́fẹ́lì. Bí ẹsẹ̀ tó rì náà bá ti gbéra díẹ̀, mo máa ń ki ègé páànù tí a gé lára agolo mílíìkì bọ abẹ́ rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì.

"Sí i."

"Ó tó?"

"Ó kù díẹ̀. Ẹ rọra, Bàbá. Ó tó."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀pá jáàkì yọ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní gírísì ni, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì mo rí ẹ̀jẹ̀ lórí irin náà. Mo wo ọwọ́ ara mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìka bàbá mi ló là, wọn kò sì mọ̀. Mo fi àkísà wé e fún wọn, a ń bá iṣẹ́ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, omi lẹ́fẹ́lì dúró láàárín. Bàbá mi wẹ̀, wọ́n wọ jalábíà, wọ́n lọ kírun Jímọ̀. Èmi nìkan ló kù nílé iṣẹ́. Mo fi àlòkù irin kan sínú léètì, mo gbẹ́ ẹ, mo wọn orí, mo wọn àárín, mo wọn ìdí. Bákan náà ni. Mo tún un wọ̀n. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan ilẹ̀, mo kí Bàbá Àgbà, ohun tí n kò ṣe rí.

Bàbá mi dé, wọ́n pààrọ̀ aṣọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ọ̀pá tuntun fún alọta. Wọ́n ń súfèé. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n nù ún, wọ́n gbé e fún mi.

"Injíníà, wọ̀n ọ́n."

Ó gún láti orí dé ìdí. Ẹ̀rọ ti ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí bíárìn máa jókòó sí kéré. Mo ti bíárìn tuntun kan bọ̀ ọ́, ó wọlé wẹ́rẹ́, ó sì ń yí bí òrùka ní ìka ẹni tó ti rù.

Mo lọ mú ọ̀pá tó padà wá lọ́jọ́ Ajé, mo wọn ojú ibi kan náà lára rẹ̀. Mo fo ibẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Mo ti kà á sí pé bíárìn tó yọ̀ ló jẹ ẹ́. Mo wò ó dáadáa báyìí: lára ibi tí bíárìn kò dé, tí ojú ọ̀bẹ ṣì hàn, ó kéré níbẹ̀ náà. Àléébù méjì ni ọ̀pá yẹn ní. Mo rí ọ̀kan, mo sì dáwọ́ wíwá dúró, torí pé èyí tí mo rí ni èyí tí mo fẹ́.

Kálípà àtijọ́ tí bàbá mi ń lò kò ní nọ́ńbà. Ìka ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ẹnu kálípà bá ti kan irin, ìka á gbọ́ ọ, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ibẹ̀ lọwọ́ á sì ti dúró. Bí ìka kò bá gbọ́ ọ, ọ̀bẹ á máa fá irin lọ.

"Ó dáa?"

Mo lè sọ pé ó dáa, kí n gbẹ́ òmíràn nígbà tí wọn kò bá sí nílé. Mo gbé ìyẹn yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí n bá ṣe é lónìí, màá ṣe é lọ́la, bàbá mi á sì máa fi iṣẹ́ mi yangàn láìmọ̀.

"Ó gún, Bàbá. Àmọ́ ibi bíárìn kéré."

Mo na ọ̀pá náà sí wọn pẹ̀lú kálípà wọn. Wọ́n fi ẹnu kálípà kan irin náà, wọ́n ṣí i, wọ́n tún pa á dé. Wọ́n di ojú.

"Mi ò gbọ́ ọ," ni wọ́n wí.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà ọyẹ́. Orí ìka ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni wọ ìbọ̀wọ́ tí kò ṣeé bọ́." Wọ́n gbé kálípà sílẹ̀. "Nígbà tí o ní ilẹ̀ ni, mo ní Ọlọ́run ṣeun."

Títí di ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ilẹ̀ tó rì ṣì wà tí wọ́n lè dá lẹ́bi. Èmi ni mo fi páànù agolo mílíìkì gbà á lọ́wọ́ wọn.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n kan ilẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Mo parọ́ mọ́ yín." Wọ́n dìde, wọ́n gòkè lọ sọ́dọ̀ Àlàájà.

Mo dúró, mò ń retí ohùn Àlàájà láti òkè. N kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì jọ sọ̀kalẹ̀, Àlàájà di ọwọ́ àbúrò wọn mú bí ẹni fẹ́ mú ọmọdé sọdá títì.

Mo gbẹ́ ọ̀pá mìíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí alọta dé lọ́jọ́ Sátidé, ó gbìyànjú láti fi ọwọ́ lásán ti bíárìn bọ̀ ọ́, bíárìn kọ̀. Ọkùnrin náà fi ayọ̀ pariwo.

"Bàbá! Ọwọ́ yín ti padà! Ṣé mi ò sọ fún wọn?"

Bàbá mi wò mí. Mo wo irin. Irọ́ ni, mo sì jẹ́ kó kọjá.

"Lọ dán an wò ná," ni bàbá mi dá a lóhùn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní àìsàn ṣúgà ti jẹ iṣan ọwọ́ wọn, pé ohun tó ti lọ níbẹ̀ lè má padà. Mo bi dókítà pé báwo ni "lè má" yẹn ṣe dájú tó. Ó wo bàbá mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ oògùn sílẹ̀.

Ọ̀pá náà kò padà wá mọ́. Ìwé iṣẹ́ tí mò ń retí kò tíì dé, èmi ni mo ń lo léètì. Bàbá mi ṣì máa ń wọlé ṣáájú mi láràárọ̀. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ báyìí, torí ibẹ̀ ṣì ń gbọ́ díẹ̀, wọ́n á kí bàbá wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé àpótí ìjókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á kọjú sí títì, kí n tó tan ẹ̀rọ.