Ìkòkò Màmá Ń Tóbi Sí I

Nígbà tí wọ́n ti bọ́dà pa, àwọn ẹbí wa tó ń ṣòwò lápá Afọ̀n létí bọ́dà kó padà wá sílé Màmá ní Ayétòrò. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mí, mi ò sì lè máa wo ọmọ tó jókòó lásán. Mo gbé pátákó síta, mo ń kọ́ wọn bí a ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé iye nǹkan ń pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ ìrẹsì tó ń wọ́n ti sú mi, ni mo bá fi ará ilé ṣe àpẹẹrẹ: márùn-ún ni wá tẹ́lẹ̀, a ti di mọ́kànlá.

Màmá ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ oǹkà rẹ̀ dáadáa. Ó dìde, ó fi ìṣẹ́tí ìró nu pátákó mi.

“Ta ló rán ọ níṣẹ́? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ!”

“Màmá, báwo ni kí n ṣe kọ́ wọn láìka nǹkan?”

“Ìkòkò mi ni kí ẹ máa wò.”

Inú bí mi. Ni ọmọ àbúrò mi bá kọ ọ́ sára pátákó pé, “Our pot has increased steadily,” ìyẹn ni pé ìkòkò wa ń tóbi sí i ṣáá. Irọ́ kọ́: ìkòkò ńlá tí a fi ń se oúnjẹ ọdún ni Màmá wá fi ń se oúnjẹ ojoojúmọ́.

Wọ́n ṣí bọ́dà, kálukú bá tirẹ̀ lọ. Ìkòkò ńlá yẹn ni Màmá ṣì ń gbé kaná. Mo mọ gbólóhùn tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan dín kù, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kọ ọ́ sára pátákó nílé yẹn.